Ṣé Irin Ti Ta Sí Yín Lójú Rí? Ìbéèrè Tó Ṣáájú Ẹ̀rọ MRI ní Ìkẹjà àti Agége

Irin ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sí agbègbè Ìkẹjà àti Agége ní Èkó. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008. Níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá bá sì wà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kì í jìnnà síbẹ̀: wẹ́dà, panẹbítà, mẹkáníìkì, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lèètì gé irin, àwọn tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù tà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ọjọ́sí ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ẹ rìn láti Òrégùn dé Ògbà, kí ẹ gba Ọba Akran já sí Agége àti Dọpẹ́mu, ẹ óò ṣì rí iná wẹ́dà tó ń bù yẹ̀rì létí títì, ẹ óò sì gbọ́ ariwo ẹ̀rọ fáìlì tó ń fá irin. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ di irin náà mú lè má fi nǹkan kan bo ojú.

Ní ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ iṣẹ́ yẹn ti di bàbá. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ìrora ń gba itan sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí apá kan ara rẹ̀ máa kú tipiri. Dókítà kọ ìwé fún un pé kó lọ ya àwòrán MRI. Ẹbí á tu owó jọ, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, wọn á sì mú un lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè má mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí bàbá ṣe nígbà èwe rẹ̀ lè fọ́ ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bí kò bá sí ẹni tó bi í léèrè kó tó wọlé.

Ìbéèrè yẹn àti gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé: iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà kí aláìsàn tó dé inú yàrá MRI. Wọn á bi í ní oríṣiríṣi nǹkan, wọn á yẹ ara rẹ̀ wò, wọn á ní kó bọ́ aṣọ, wọn á sì dá àwọn tó bá a wá dúró níta. Kì í gba àkókò púpọ̀. Síbẹ̀ òun ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ MRI, torí pé bí àwòrán bá bàjẹ́, wọ́n lè tún un yà. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu ọ̀nà, ó lè má sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe mọ́.

Òòfà ni ohun tó wà nínú yàrá náà. Ara èèyàn kún fún omi, inú omi sì ni háídírójìn wà. Òòfà ńlá yìí á mú kí háídírójìn ara tò sọ́nà kan, ẹ̀rọ á fi ìgbì rédíò tì wọ́n kúrò ní àyè wọn, bí wọ́n bá sì ṣe ń padà, wọn á máa fi ìgbì tiwọn ránṣẹ́. Èyí ni kọ̀ǹpútà ń kó jọ tó fi ń ya àwòrán ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí orúnkún. Kò sí ìtànṣán bíi ti X-ray nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun rere yìí kan náà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò léwu rárá, tí wọn kì í kà á sí ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Ẹ̀rọ 1.5 tesla, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá lágbàáyé, lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí ọwọ́ kọ́ńpáàsì. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ẹ̀rọ tí agbára wọn kéré ló pọ̀. Dókítà Godwin Ogbole ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí ẹ̀rọ MRI ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ 84 péré ni wọ́n kà fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà lọ́wọ́ aládàáni, ọ̀pọ̀ jù ni agbára òòfà wọn sì kéré. Nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ojú, ẹ óò rí i pé agbára kékeré kò sọ ẹ̀rọ di ohun ìṣeré.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ará Èkó mọ̀ nípa òòfà yìí, nítorí bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú iná mànàmáná: bí iná bá lọ, òòfà kò bá a lọ. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan jẹ́ wáyà tí wọ́n rì sínú helium olómi, tó tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, iná tó wà nínú wáyà náà kàn ń yí ká ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún fi iná mìíràn kún un. Èkejì, tó pọ̀ lára àwọn tó ní agbára kékeré, òòfà gidi ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò sì sí bọ́tìnnì tí a lè fi pa á. Nítorí náà, bí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀, bí kọ̀ǹpútà bá kú tí yàrá ṣókùnkùn, tó jẹ́ aago méjì òru ọjọ́ Àìkú tí dókítà kankan kò sí nítòsí, òòfà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tó kó sípánà sínú àpò, kò mọ èyí. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọwọ́ irin, kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì náà kò mọ̀. Bí àwọn tó ni ilé àyẹ̀wò kò bá pe irú àwọn wọ̀nyí jókòó kí wọ́n kọ́ wọn, gbogbo ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún aláìsàn kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní ilé ìwòsàn Nair ní ìlú Mumbai ní Íńdíà, ọkùnrin ẹni ọdún 32 kan bá ẹbí rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ, ó sì gbé àgbá ọ́síjìn wọ yàrá MRI. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan ló fi yé e pé ẹ̀rọ kò sí ní títàn. Òòfà fa àgbá náà pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, ọ́síjìn tú jáde, ó sì kú.

Ẹni tí kò bá tíì rí irú fífà bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé èèyàn á mọ̀ ọ́n lára díẹ̀díẹ̀, á sì tètè yà fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń wọ odò tó jìn lójijì ni: ní etí rẹ̀ omi kò dé kókósẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ó ti bo orí. Ohun èlò irin tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́nu ilẹ̀kùn lè já gbà kí ẹ tó dé àárín yàrá, bó bá sì ti gbéra, kò sí agbára ọwọ́ tó lè dá a dúró. Ní oṣù Keje ọdún 2001, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Valhalla, ìpínlẹ̀ New York, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Michael Colombini, sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orí. Wọ́n ti fún un lóògùn oorun. Ó nílò ọ́síjìn, ẹnì kan gbé àgbá onírin wọlé, àgbá náà fò wọnú ẹ̀rọ, ó sì lu ọmọ náà lórí. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni àwọn onímọ̀ àwòrán ara ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà ààbò MRI jáde ní 2002. Láti inú ìlànà yẹn ni pípín ilé àyẹ̀wò sí ẹkùn mẹ́rin ti tàn káàkiri ayé: ibi tí gbogbo èèyàn lè dé, ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn tí wọ́n sì ti ń bi í léèrè, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé bí òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ kò bá mú un lọ, àti yàrá òòfà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ wẹ́dà wa. Ní 1986, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ irin rí. Èérún irin kan ti wà nínú ojú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Wọ́n gbé e wọ ẹ̀rọ MRI, irin náà yí nínú ẹyin ojú, ẹ̀jẹ̀ dà sínú rẹ̀, ojú náà sì fọ́. Agbára ẹ̀rọ tí wọ́n lò jẹ́ 0.35 tesla, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn ẹ̀rọ tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún aláìsàn pé kò séwu nítorí pé ẹ̀rọ tiwọn kò lágbára, ìròyìn yìí ti dá a lóhùn láti ìgbà pípẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú? Bí èérún irin bá wọ ìka tàbí itan, ẹran ara á yí i ká, awọ tó le á sì dì í mú. Inú ẹyin ojú kò ní irú ìdìmú bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ rọ̀, iṣan ìríran sì wà nítòsí. Irin tó bá yí díẹ̀ péré níbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ibi.

Bí èérún yìí ṣe ń dé inú ojú kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ fáìlì ń yí kíkankíkan, irin ń ta jáde, ọ̀kan wọlé. Ó ta ọmọ iṣẹ́ náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ á ní kó la ojú, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fi ṣóńṣó áńkáṣíìfù yọ ohun tó bá rí. Bí kò bá rí nǹkan kan, wọn á ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì. Ojú á pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ìrora á lọ, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú. Pé ìrora lọ kò fi hàn pé irin ti jáde. Èérún tó kéré gan-an tó sì ń yára lè gún ojú kọjá kó má sì fi ojú ọgbẹ́ tó ṣe é rí sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ irin rí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń ya X-ray ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n á bi í bóyá irin ta sí i lójú rí, bóyá ó lọ rí dókítà nígbà yẹn, àti bóyá dókítà sọ fún un pé òun ti yọ gbogbo rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á gbà. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn níbi tí ẹni tí irin bá ta sí lójú ti ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn, tí ìwé rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Èmi kò rò pé a lè gbé e wá sí Agége bó ṣe wà. Níbí, ẹni tó yọ irin náà lè jẹ́ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, áńkáṣíìfù sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí irin bá ti ta sí lójú rí, tí kì í ṣe dókítà ojú ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sì sọ pé kò ku nǹkan kan, kí wọ́n ya X-ray ojú rẹ̀ ṣáájú MRI. X-ray ojú kò le. Wọ́n lè ní kó gbé ojú sókè fún àwòrán kan, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún èkejì. Bí àmì funfun kan bá hàn tó sì ń bá ojú lọ sókè sódò, inú ojú ló wà. Owó X-ray kò tó nǹkan kan lára owó MRI, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye tí a lè dá lé ojú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ló wá kù, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ìṣòro jù. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún aláìsàn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi kọ ọ́, àwọn àpótí kéékèèké sì wà níbẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ tó bá bàbá wá ló máa ń kọ ọ́ fún un. Ọmọ náà lè má tíì wà láyé nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní Ògbà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó kọ ọlọ́dẹ, nítorí pé iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni bàbá ń ṣe báyìí. Gbogbo àpótí yòókù ni ó fi àmì bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. Bàbá fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù ti pé, ìbéèrè kò tíì wáyé.

Bí òṣìṣẹ́ bá kàn sọ pé, “Bàbá, ṣé irin wà lára yín?” bàbá á wo ara rẹ̀, á ní rárá, òtítọ́ ló sì gbà pé òun sọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á gba ọ̀nà mìíràn. “Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Kí ẹ tó máa ṣe èyí ńkọ́? Ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí? Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu wẹ́dà yẹn, ṣé irin ta sí yín lójú rí? Kí lẹ ṣe sí i? Ta ló bá yín yọ ọ́?” Èyí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó sì tún yẹ kó ya ìyẹn sọ́tọ̀ sí iná wẹ́dà tó máa ń ta èèyàn lójú, tó fi jẹ́ pé tó bá di òru, ojú á máa ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Iná nìyẹn, kì í fi irin sílẹ̀. Àgbà wẹ́dà lè fi ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ní sùúrù láti tú u wò.

Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ìyá tó ń ta irin àlòkù, tàbí tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rí, kò gbọ́dọ̀ kọjá láìdáhùn kìkì nítorí pé ẹni tó ń béèrè gbà pé ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ irin.

Lẹ́yìn ojú, ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ló kàn. Àwọn kan kì í fẹ́ sọ ọ́, yálà nítorí ọlọ́pàá tàbí nítorí ìtìjú níwájú ẹbí. Òjé kì í gbọ́ ti òòfà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọta AK-47 ló ní irin nínú èèpo tàbí nínú ikùn wọn, ohun tí wọ́n sì ń kì sínú ìbọn ìbílẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò lè jẹ́ èérún irin èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Ibi tí ọta náà jókòó sí ló ṣe pàtàkì: ti inú itan láti ọdún pípẹ́ kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Kí wọ́n pe aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí ìyàwó àti ọmọ kò sí, kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ọlọ́pàá.

Bákan náà ni ohun ìṣọ́ra. Ìgbàdí, ifúnpá, òrùka tí wọ́n ṣe oògùn sí, irin tàbí abẹ́rẹ́ lè wà nínú awọ tí wọ́n rán pa. Ẹni tó wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ kò ní fẹ́ kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá a wá rí i. Òṣìṣẹ́ tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, ti kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti pa tirẹ̀ mọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni ká ti béèrè, kí wọ́n jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ, kó fi sínú àpò tirẹ̀, kó sì gbà á padà bó bá jáde.

Ti àwọn ohun tí dókítà fi sára kò gùn púpọ̀, torí pé ìwé sábà máa ń wà fún wọn. Irin tí wọ́n fi to egungun ní ilé ìwòsàn egungun Igbóbì, titanium tàbí irin tí kì í dípẹtà, èyí tí òòfà kì í fà, ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè ba àwòrán jẹ́ tàbí kó gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fò. Ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n rì sínú etí, àti ìkọ́ tí wọ́n fi di iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ni ká bẹ̀rù. Obìnrin kan kú ní Amẹ́ríkà ní 1992 nítorí irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí òòfà yí nínú orí rẹ̀. Àwọn tuntun kan wà lára àwọn ohun wọ̀nyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè bá MRI gbé, ṣùgbọ́n orúkọ àti nọ́ńbà wọn nìkan ló lè fi ìyẹn hàn, nítorí náà kí aláìsàn mú káàdì tàbí ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ dání. Bí ìwé bá ti sọnù, kí wọ́n wá a kàn tàbí kí dókítà wá àyẹ̀wò mìíràn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ sì má sọ “implant” lásán, torí èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀ ni ti ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sí apá. Kí aláboyún sọ pé òun lóyún. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa náà sọ ọ́, bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ gadolinium tó ń mú àwòrán mọ́lẹ̀: láti 2006 ni a ti mọ̀ pé irú abẹ́rẹ́ náà kan lè mú kí awọ àti ẹran ara ẹni bẹ́ẹ̀ le gbagidi.

Bíbọ́ aṣọ náà ní ìdí tirẹ̀. Ìgbì rédíò inú ẹ̀rọ ń mú irin gbóná, àwọn aṣọ kan sì ní okùn irin tín-ínrín nínú tí ojú kò lè rí. Léèsì tó ń dán, kọ́mú onírin, wíìgì tó ní kílíìpù, irun tí wọ́n fi òrùka góòlù há, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní ìkọ́ irin, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ wọ aṣọ tí ilé àyẹ̀wò bá fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí ẹ má sì di ọwọ́ mọ́ra, ẹ gbọ́ràn. Ibi tí awọ bá ti kan awọ lè di òrùka tí iná á máa gbà yí, ó sì ti jó àwọn èèyàn.

Ó ku àwọn tó bá aláìsàn wá, àwọn gan-an sì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Àwa kì í dá nìkan lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó á tẹ̀ lé ọkọ, àbúrò á tẹ̀ lé wọn, ẹni tó bá lówó lè mú ọlọ́pàá oníbọn dání. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ní São Paulo ní Bràsíìlì, agbẹjọ́rò kan bá ìyá rẹ̀ wọ yàrá MRI. Ó ti fọwọ́ sí ìwé ìlànà, ṣùgbọ́n ìbọn rẹ̀ wà níbàdí. Òòfà fa ìbọn náà, ó yìn, ó bà á níkùn, ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ní Westbury ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan wọlé láti ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè dìde lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ṣéènì irin tó wúwo tó nǹkan bí kílò mẹ́sàn-án wà lọ́rùn rẹ̀. Òòfà fà á mọ́ra, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin Mumbai, agbẹjọ́rò yìí àti ọkùnrin oníṣéènì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá ya àwòrán ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá máa kọjá ilẹ̀kùn yẹn, kí wọ́n bi í ní gbogbo ohun tí wọ́n bi aláìsàn. Ọlọ́pàá oníbọn kò ní ohun kan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, kí wọ́n má fojú sáájú fún un.

Ẹni tí wọ́n gbé wá láti ìjàǹbá ọkọ̀ lójú títì Abẹ́òkúta, tí kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dáhùn ìbéèrè kankan. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ojú àpá iṣẹ́ abẹ lára rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ya X-ray orí, àyà àti ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ẹbí rẹ̀ kàn. Bí àkókò kò bá sí fún gbogbo èyí, ẹ̀rọ CT, tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara, lè dáhùn ọ̀pọ̀ ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ láìsí òòfà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n béèrè: lọ́jọ́ tí wọ́n gba orúkọ, àti lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kó sì jẹ́ pé ẹni ọ̀tọ̀ ló béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Aláìsàn máa ń rántí nǹkan lálẹ́ nínú ilé tí kò rántí níwájú tábìlì. Ẹ̀rọ tó ń dún bí irin bá kọjá wà fún ẹnu ọ̀nà MRI, ó sì dára kí ilé àyẹ̀wò ní in, ṣùgbọ́n kò lè rí èérún kékeré inú ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rọ́pò ẹnu.

Ìkẹjà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré tó sì di ibi ẹ̀kọ́ dókítà ní 2001. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń gbé láàárín àwọn oníṣẹ́ irin yìí. Láti ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ ìwé MRI ló yẹ kí ìbéèrè ojú ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ ọ́ sórí ìwé náà gan-an, kí ilé àyẹ̀wò lè rí i kí aláìsàn tó sanwó. Ìyẹn náà á mú kí aláìsàn má purọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé owó òun á ṣègbé.

Ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà àti panẹbítà, ẹ ra awò aláàbò fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì mú ẹni tí irin bá ta sí lójú lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ̀yin tí dókítà ti kọ MRI fún, ẹ sọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láyé yín, kódà bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta péré lẹ lò nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fún yín ní fọ́ọ̀mù kí ẹ fọwọ́ sí láìbi yín ní ohun kan ní èdè tó yé yín, ẹ má tíì wọlé. Ẹ jókòó sí ìta, kí ẹ ní kí ẹnì kan wá bi yín.